Ooru Òru àti Ẹ̀kọ́ Àmù

Ọyẹ́ ti kásẹ̀ nílẹ̀, òjò kò sì tí ì fi gbogbo ẹnu wí pé òun dé. Àárín méjèèjì yìí ni ooru gbé ń fi ojú ọmọ aráyé rí màbo. Ní irú àkókò báyìí, ìwé tí ń wọlé sí wa kì í sábà jẹ́ ti owó ilé-ìwé àwọn ọmọ, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ti aáwọ̀ ìyàwó àti ìyá ọkọ. Ti oorun ni.

Ìyá kan ní Ìgbẹ́mọ-Èkìtì níhìn-ín kọ̀wé sí wa ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá. A kò ní dárúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n irú ọ̀ràn rẹ̀ pọ̀ nínú ìlú tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni púpọ̀ yóò rò pé òun ni a ń bá wí. Ó ní bàbá ilé òun kì í lè sùn bí ooru bá mú. Bí ó bá di agogo 11 alẹ́, bàbá a jí, a nu òógùn, a sì ká àwọ̀n ẹ̀fọn sókè, a ní òun ni kò jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọlé. Bí ó bá di agogo 1, a ká ẹní rẹ̀, a gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ. Ìyá a wá kù pẹ̀lú ọmọ méjì lábẹ́ àwọ̀n tí ó ti ṣí sílẹ̀. Bí ilẹ̀ bá mọ́, ojú gbogbo wọn a pọ́n, ọ̀rọ̀ kékeré a sì di ìjà. Ohun tí ó bèèrè ni pé kí a bá òun sọ ọ̀nà tí ẹni tí ara rẹ̀ ń gbóná lóru lè gbà sùn, kí ilé má ba à dàrú.

Ọ̀ràn yìí kò kéré lójú wa. Nínú èdè wa, lẹ́tà kan péré ni ó wà láàárín ooru àti oorun, ṣùgbọ́n nínú iyàrá kan náà, bí ọ̀kan bá wọlé, èkejì a jáde. Ìlú wa yìí, ìrẹsì ni a fi mọ̀ ọ́n káàkiri. Ẹni tí kò fi ojú kan oorun ní òru, báwo ni yóò ti dúró nínú oko ìrẹsì ní ọ̀sán, tàbí nídìí ààrò tí a ti ń bọ ọ́? Nítorí náà ẹ jẹ́ kí a fi sùúrù wo ọ̀rọ̀ náà láti ìdí rẹ̀.

Ara ènìyàn tí ó wà ní àlàáfíà a máa gbóná tó nǹkan bí 37 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Bí alẹ́ bá ti ń lẹ́, ara a bẹ̀rẹ̀ sí í tutù díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ a ya sí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ láti kó ooru inú wá síta, ìtutù yìí ni ó sì ń ṣí ìlẹ̀kùn fún oorun. Láàárín òru, ooru ara a lọ sílẹ̀ tó nǹkan bí ìwọ̀n 1, a sì kéré jù lọ ní ìdájí, kí a tó jí. Ẹni tí ooru kò jẹ́ kí ó sùn kì í ṣe aláròyé. Ẹrù wà ní orí rẹ̀, ó ń wá ibi tí yóò sọ̀ ọ́ sí, kò sì rí i.

Ènìyàn kò sì rí bákan náà. Ẹni tí ó sanra, aboyún, obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti ń dáwọ́ dúró, ẹni tí ó jẹ iyán tán tí ó bọ́ sórí ibùsùn lọ́gán, àti ẹni tí ó mu ọtí kí ó tó sùn, ooru a máa mú gbogbo wọn ju ẹlòmíràn lọ. Kí ọkọ má ṣe rò pé aya ń ṣe àṣejù, kí aya má sì ṣe rò bẹ́ẹ̀ nípa ọkọ.

Ta ni yóò wá kọ́ wa bí a ti í tutù? A kò ní rìn jìnnà. Ẹ wo àmù tí ó wà ní kọ̀rọ̀ ilé àwọn ìyá wa. Kò sí iná mànàmáná nídìí rẹ̀, kò sí yìnyín nínú rẹ̀, síbẹ̀ omi rẹ̀ a máa tutù ní ọ̀sán gangan. Àṣírí rẹ̀ ni pé amọ̀ tí a fi mọ ọ́n ní ihò wẹ́wẹ́ tí ojú kò lè rí. Omi a máa gba ibẹ̀ yọ sí ara àmù, afẹ́fẹ́ a sì gbé e lọ. Bí omi náà ti ń lọ, ooru tí ó wà nínú àmù ni ó ń kó dání. Olùkọ́ kan ní ìhà àríwá Nàìjíríà, Mohammed Bah Abba, fi ìmọ̀ yìí kan náà ṣe ìkòkò nínú ìkòkò, ó fi iyanrìn tútù sí àárín méjèèjì, kí èso àti ẹ̀fọ́ má ba à tètè bàjẹ́ lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀. Ní ọdún 2000, wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Rolex nítorí iṣẹ́ náà.

Ara wa ni àmù, òógùn wa sì ni omi tí ń yọ. Òógùn tí ń kán sílẹ̀ kò tu ẹnikẹ́ni lára, èyí tí ó gbẹ lára ni ó ń tu ni. Ìdí rẹ̀ nìyí tí àmù fi ń tutù jù lọ ní ìgbà ọyẹ́ tí afẹ́fẹ́ gbẹ. Ìdí rẹ̀ nìyí pẹ̀lú tí ooru oṣù kẹta àti oṣù kẹrin fi ń mú wa bí ẹni tí a dì sínú ewé mọ́ínmọ́ín: afẹ́fẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí í kún fún omi, kò sì fi bẹ́ẹ̀ ní àyè fún òógùn wa mọ́. Ẹni tí ó bá di ọ̀rọ̀ àmù yìí mú, gbogbo ìyókù yóò yé e. Ohun tí ó bá jẹ́ kí òógùn gbẹ, ẹ súnmọ́ ọn. Ohun tí ó bá bo ara pa, ẹ yẹra fún un.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí ibùsùn. Fóòmù tí a ń fi owó ńlá rà rọ̀, ó sì dára fún egungun àgbà, ṣùgbọ́n a máa gba ẹ̀yìn ẹni mọ́ra, a sì máa dá ooru padà fún un. Bí a bá tún fi ọ̀rá tí ó bá a ti ọjà wá sílẹ̀ lára rẹ̀ kí ó má ba à dọ̀tí, ńṣe ni ó dàbí ẹni pé a fi ọ̀dà kun àmù. Ẹ bọ́ ọ̀rá náà kúrò. Ẹ tẹ́ ẹní sórí fóòmù, kí ẹ sì fi aṣọ òwú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan tẹ́ orí ẹní. Àwọn bàbá wa tí wọ́n sùn lórí ẹní, kì í ṣe àìní nìkan ni ó kó wọn débẹ̀. Ọgbọ́n wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

Aṣọ ìsùn, òwú ni kí ó jẹ́, kí ó fẹ̀, kí ó sì fúyẹ́. Aṣọ tí ń dán tí ń yọ̀, èyí tí a fi epo rọ̀bì ṣe okùn rẹ̀, kì í mu òógùn. Ìró òwú tí ó ti gbó, tí ó ti rọ̀, dára jù ú lọ fún ìsùn. Ọkọ àti aya tí ń jà lórí aṣọ ìbora kan, kí olúkúlùkù ní tirẹ̀. Kò sí ohun tí ó burú nínú rẹ̀.

Ní ti ìwẹ̀ alẹ́, ọ̀pọ̀ rò pé omi tí ó tutù bí yìnyín ni ó dára jù lọ. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Omi tútù rìnrìn a máa mú kí awọ ara súnkì, ẹ̀jẹ̀ a sì sá lọ sínú, ooru a wá há mọ́ inú ara. Ní ọdún 2019, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Texas ní Amẹ́ríkà kó ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìwádìí jọ, wọ́n sì rí i pé ẹni tí ó bá fi omi gbígbóná wẹ̀ ní wákàtí 1 sí 2 kí ó tó dùbúlẹ̀ a máa tètè sùn lọ. Ó jọ ẹ̀tàn, ṣùgbọ́n òtítọ́ ni. Omi náà ń pe ẹ̀jẹ̀ wá sí ojú awọ, ooru inú a sì bá a jáde. Ní ilẹ̀ wa, omi tí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ nínú garawa ti tó. Ẹ má sì nu ara gbẹ pátápátá lẹ́yìn rẹ̀. Bí ooru bá jí yín ní òru, ẹ rẹ aṣọ ìnura sínú omi, kí ẹ fún un, kí ẹ fi nu ọrùn, ọwọ́ àti ẹsẹ̀. Ẹ ti di àmù nìyẹn.

Abẹ̀bẹ̀ àti fáànù kì í sọ afẹ́fẹ́ di tútù. Afẹ́fẹ́ gbígbóná kan náà ni wọ́n ń gbé kiri, iṣẹ́ wọn sì ni kí wọ́n gbẹ òógùn. Nítorí náà fáànù tí ń yí nínú iyàrá tí kò sí ènìyàn, owó iná ni ó ń jẹ. Bí iná bá sì lọ, abẹ̀bẹ̀ ọwọ́ ni kí a fi bẹ ooru, bí àwọn àgbà ti ń ṣe.

Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ìgbà, kì í ṣe ibùsùn ni ó jẹ̀bi, ilé ni. Ní ayé àtijọ́ ní Èkìtì, ògiri amọ̀ nípọn, ewé tàbí koríko ni a sì fi ń bo ilé. Òrùlé bẹ́ẹ̀ kì í jẹ́ kí oòrùn ráyè wọlé, ṣùgbọ́n a máa jò, a sì máa gba iná, eku àti ejò a sì máa fi ṣe ilé. Nígbà tí páànù dé, a bọ́ lọ́wọ́ jíjò, a sì bọ́ sọ́wọ́ ooru. Ní ọ̀sán, páànù a gbóná débi tí ọwọ́ kò lè gbà á. Ooru rẹ̀ a rọ̀ sínú iyàrá, ògiri búlọ́ọ̀kù a sì máa mu ún bí ọmọ ti í mu ọmú. Ní agogo 10 tàbí 11 alẹ́, nígbà tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dùbúlẹ̀, ògiri a bẹ̀rẹ̀ sí í dá gbogbo rẹ̀ padà fún wa. Ooru òru, ọ̀sán ni ó ti wọlé. Ọ̀sán náà ni a gbọ́dọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í lé e.

Bí oòrùn bá ti gòkè, ẹ ti fèrèsé tí ó ń gbà wọlé, kí ẹ sì fa aṣọ bò ó. Bí oòrùn bá wọ̀, tí ìta bá sì ti tutù ju inú ilé lọ, ẹ ṣí fèrèsé méjì tí ó kọjú sí ara wọn. Iyàrá tí ó ní ojú kan ṣoṣo dàbí ìgò: afẹ́fẹ́ tí ó bá wọlé kò rí ibi gbà jáde. Ẹni tí agbára rẹ̀ bá ká a, kí ó kan àjà sábẹ́ páànù, kí ó sì fi ihò sílẹ̀ lókè ògiri kí ooru tí ó wà láàárín wọn lè rí ọ̀nà lọ. Ẹ gbin igi tí ó ní ibòòji sí ìhà ìwọ̀ oòrùn ilé. Ẹ̀yin ìyá tí ẹ sì ń bọ ìrẹsì ní ìrọ̀lẹ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbé ààrò jìnnà sí ògiri iyàrá tí ẹ ó sùn.

A lè kun páànù ní ọ̀dà funfun pẹ̀lú, nítorí funfun a máa dá ìtànṣán oòrùn padà. Ní ìlú Ahmedabad ní ilẹ̀ Íńdíà, ooru oṣù karùn-ún ọdún 2010 mú ẹ̀mí tí ó ju 1,300 lọ. Ní ọdún 2013, ìlú náà gbé ètò kalẹ̀ láti dáàbò bo àwọn ènìyàn, nígbà tí ó sì di ọdún 2017, a bẹ̀rẹ̀ sí í kun òrùlé àwọn tálákà ní funfun níbẹ̀.

A dé ibi tí ọkàn wa gbé wúwo jù lọ, èyíinì ni ọ̀ràn àwọ̀n ẹ̀fọn. A kò lè na ìka ẹ̀bi sí bàbá inú ìwé náà, nítorí àwa pẹ̀lú ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, nínú ooru oṣù kẹta, a dìde ní òru kan, a já àwọ̀n kúrò lórí ibùsùn wa àti ti àwọn ọmọ, a sì ká wọn sínú àpótí. Aya wa sọ̀rọ̀. A dá a lóhùn pé akọ̀wé ni wá, a mọ ohun tí a ń ṣe. Lóòótọ́, ọ̀sẹ̀ méjì ni a fi sùn dáradára. Kí ọ̀sẹ̀ kẹta tó pé, ọmọ wa obìnrin, ọmọ ọdún 4, kò lè gbé orí sókè mọ́. Ara rẹ̀ gbóná bí ààrò, gìrì sì mú un ní ìdájí. Ibà ẹ̀fọn ni. Ọlọ́run dá ọmọ náà sí, ṣùgbọ́n ní òru mẹ́ta tí a fi jókòó tì í, a kò rántí pé ooru wà láyé. Aya wa kò fi ẹnu bá wa wí. Nígbà tí a padà dé ilé, ó ṣí àpótí, ó kó àwọ̀n náà jáde, ó sì gbé e lé wa lọ́wọ́.

Láti ọjọ́ 20 oṣù kẹjọ ọdún 1897, nígbà tí dókítà Ronald Ross rí kòkòrò ibà nínú ẹ̀fọn ní Secunderabad ní ilẹ̀ Íńdíà, ni a ti ní ẹ̀rí pé ẹ̀fọn ni ó ń gbé ibà kiri. Ẹ̀fọn tí ń gbé ibà yìí, òru ni ó sábà máa ń jẹun, láti ọ̀gànjọ́ títí di ìdájí, ní wákàtí náà gan-an tí ooru ń mú wa ká àwọ̀n sókè. Ẹni tí ó bá sá fún ooru lọ́nà bẹ́ẹ̀, ọwọ́ ohun tí ó burú ju ooru lọ ni ó bọ́ sí.

Kí wá ni ṣíṣe? Ẹ ta àwọ̀n ga, kí igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin nà dáradára, kí ó má ṣe rọ̀ mọ́ ara. Èyí tí ó bá rọ̀ mọ́ ara a máa dí afẹ́fẹ́, ẹ̀fọn a sì máa ti ìta jẹ ẹni. Bí eruku bá ti dí ojú rẹ̀, ẹ fi ọṣẹ fífẹ́ fọ̀ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kí ẹ sá a sí ibòòji, kì í ṣe sínú oòrùn, kí oògùn ara rẹ̀ má ba à ṣá. Ẹ gbé fáànù súnmọ́ ọn. Ẹni tí ó bá sì gbọ́dọ̀ sùn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, kí ó ri ọ̀pá mẹ́rin, kí ó sì ta àwọ̀n tirẹ̀ síbẹ̀. Ẹ kan àwọ̀n mọ́ ojú fèrèsé pẹ̀lú, kí ẹ lè ṣí i sílẹ̀ lóru láìbẹ̀rù. Àwọn onímọ̀ tí wọ́n kọ́ ilé ìdánwò ní ilẹ̀ Gáḿbíà rí i pé bí a bá dí gbogbo ihò ilé onípáànù, ẹ̀fọn a dín kù ṣùgbọ́n ooru a pọ̀ sí i. Nígbà tí a bá sì ṣí ojú afẹ́fẹ́ tí a kan àwọ̀n mọ́, a lè rí ìtura láìgba ẹ̀fọn láyè.

Ohun kejì tí ń pa ni nítorí ìtura ni jẹnẹrétọ̀. Èéfín rẹ̀ ní afẹ́fẹ́ olóró kan tí kò ní àwọ̀, tí kò sì ní òórùn, kì í sì í jí ẹni tí ó bá ń pa. Odindi ìdílé ti sùn bẹ́ẹ̀ tí wọn kò jí mọ́. Ẹ má gbé e sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹ má gbé e sínú ilé ìdáná, ẹ má sì gbé e sábẹ́ fèrèsé. Ìta gbangba, ní ibi tí ó jìnnà sí ilé, ni àyè rẹ̀. Bí kò bá sí irú àyè bẹ́ẹ̀, ẹ pa á, kí ẹ sì mú abẹ̀bẹ̀.

Ó kù díẹ̀. Ọmọ tí ó ní ìyá òun kò ní sùn, òun náà kò ní fojú ba oorun. Ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀ ìgbà, ooru ni ọmọ ń wí. Ẹ fi ọwọ́ kan ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀. Bí ó bá rin fún òógùn, ẹ bọ́ fìlà àti ìbọ̀sẹ̀ kúrò. Ní ti àwọn arúgbó, ẹ máa yà wò wọ́n. Ní ilẹ̀ Faransé, ooru oṣù kẹjọ ọdún 2003 pa nǹkan bí 15,000 ènìyàn, àgbàlagbà ni ó pọ̀ jù nínú wọn, òru pàápàá kò sì tutù kí ara wọn lè sinmi. Bí ara ẹnikẹ́ni bá gbóná jù tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì ń dàrú, ẹ da omi sí i lára, ẹ fẹ́ ẹ, kí ẹ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.

Obìnrin tí ọjọ́ orí rẹ̀ wà láàárín 45 sí 55, tí ooru ń rú bò ó lójijì, tí aṣọ rẹ̀ sì ń rin, àkókò ni ó dé. Kí ọkọ má fi ṣe ẹ̀fẹ̀, kí ó bá a fẹ́ abẹ̀bẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni tí òógùn bá ń rin aṣọ rẹ̀ gbingbin lóru nígbà tí ooru kò mú, tí ó sì ń rù, tí ó ń wúkọ́ ju ọ̀sẹ̀ 2 lọ, ọ̀ràn tirẹ̀ kì í ṣe ti fèrèsé. Kí ó lọ ṣe àyẹ̀wò ikọ́ ife. Oògùn rẹ̀ wà, ọ̀fẹ́ sì ni ní ilé ìwòsàn ìjọba tí a ti ń tọ́jú rẹ̀.

Ìyá wa, èsì ìwé yín nìyí. Ní ọ̀sán òní, ẹ ti fèrèsé ìhà oòrùn. Ní ìrọ̀lẹ́, ẹ ṣí méjèèjì. Ẹ bọ́ ọ̀rá ara fóòmù, ẹ tẹ́ ẹní lé e, ẹ jẹ́ kí bàbá jẹun kí ilẹ̀ tó ṣú, kí ó sì fi omi tí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ wẹ̀. Ẹ gbé omi àti aṣọ ìnura sí ẹ̀bá ibùsùn rẹ̀. Bí gbogbo èyí kò bá tó, tí ó sì ní láti lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹ má bá a jà. Ẹ fún un ní àwọ̀n tirẹ̀ mú lọ. Ṣùgbọ́n èyí tí ó wà lórí àwọn ọmọ, kí ó má ṣe fọwọ́ kàn án. Bí ó bá bèèrè ìdí rẹ̀, ẹ ka ìwé ìròyìn yìí sí i létí, ẹ sì sọ fún un pé ẹni tí ó kọ ọ́ ti fi ọmọ tirẹ̀ kọ́gbọ́n.

Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀. Kí Ọlọ́run fún wa ní òru tí ó tutù.